Ibú tí Erinmi Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi balẹ̀ sétí odò tó ń gbẹ.
Kó balẹ̀, a ń gbọ́!

Erin ọba pe gbogbo ẹranko jọ pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọ̀dá tó dé bá ìlú wọn. Ẹ bá mi gbè é: “Ẹ wí o, ẹ wí!”

Lékeléke ní, “Kábíyèsí, òjò kì í tètè dé mọ́.”

Ọ̀pọ̀lọ́ ní, “Àwọn ọmọ mi ń kú sínú ẹrẹ̀ gbígbóná.”

Ó kan Erinmi. Ó mọ ibú kan lẹ́yìn àpáta, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó jẹ́ tòun nìkan. Ó ní, “Èmi ò mọ nǹkan kan.”

Erin bá rán àwọn ọ̀dọ́ lọ wá omi lọ́nà jíjìn. Ọmọ Erinmi tẹ̀lé wọn láìdágbére. Òùngbẹ pa wọ́n sọ́nà.

Inú ibú ni ìròyìn ikú ọmọ rẹ̀ ti bá Erinmi. Ó ké, “Omi wà níbí o!”

Ẹ̀yin ọmọ, ta ni yóò wá mu ún?