Orin Méjì Lórí Òrùlé Awẹ́ró

Orin ní í ṣáájú ọ̀tẹ̀. Ta ni kò mọ òwe yìí nínú yín? Ọmọdé ń pa á, àgbà ń pa á, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ náà ń pa á. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹnì kan dìde kó sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, orí ni gbogbo yín yóò máa họ. Ẹ jókòó, n ó sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń fi odindi ọ̀sán dìbò lórí fóònù nítorí olórin tí kò mọ ọ̀nà ilé yín, tí ẹ ń bú ọmọ ìyá yín pé kò mọ orin í gbọ́, ẹ sún mọ́ iwájú díẹ̀. Ìtàn yín ni.

Ìlú kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ọsàn. Ìlú náà kò tóbi; bí a bá ka àgbà ọkùnrin àti àgbà obìnrin ibẹ̀ pọ̀, wọn kò ju ọgọ́jọ lọ. Olórin méjì ni wọ́n ní. Awẹ́ró ni ọ̀kan, obìnrin opó kan tó ń fi agídìgbo rẹ̀ tó rí bí àpótí kọrin. Orin rẹ̀ rọra ń lọ ni, ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kò ní í gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Èkejì ni Ọ̀kánlàwọ́n, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí orin tirẹ̀ yára, tí ẹsẹ̀ ará ìlú kì í gbélẹ̀ bó bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn jà rí. Bí Awẹ́ró bá ń kọrin, Ọ̀kánlàwọ́n ni í gbè é. Bí Ọ̀kánlàwọ́n bá ń kọ tirẹ̀, Awẹ́ró ni í rán an létí ọ̀rọ̀ tó kàn, nítorí onígbàgbé paraku ni ọkùnrin náà.

Àwọn tó fẹ́ràn wọn ni kò jẹ́ kí ìlú sinmi. Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti oko dé, abẹ́ igi ọsàn ni wọn yóò kóra jọ sí, wọn yóò sì máa fi orin wé orin. Akínbọ̀dé ni aṣáájú àwọn tó fẹ́ràn Awẹ́ró. Kí orin Awẹ́ró tó dé ìdajì, Akínbọ̀dé yìí kan náà á ti sùn lọ, á máa hanrun. Ìyá Ọlátóún ni aṣáájú àwọn ti Ọ̀kánlàwọ́n. Òun ní tirẹ̀ kì í dákẹ́ ẹnu débi tí yóò gbọ́ orin ẹnikẹ́ni.

"Ti Ọ̀kánlàwọ́n náà lẹ tún ń pè lórin?" Akínbọ̀dé á ní. "Ariwo ẹyẹ ẹ̀gà lásánlàsàn!"

"Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ o," Ìyá Ọlátóún á dá a lóhùn. "Orin Awẹ́ró tẹ́ ẹ̀ ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn, ọmọ ọwọ́ là ń fi í rẹ̀ lẹ́kún. Ìwọ alára, ṣé o gbọ́ ọ parí rí?"

Kò gbọ́ ọ parí rí. Ìtìjú kò sì mú un.

Ní Ìdí-Ọsàn, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń bo ilé. Bí ògiri ẹnì kan bá ti gbẹ, á dáná oúnjẹ, á ránṣẹ́ sí ará ìlú, gbogbo wọn á sì tú jáde pẹ̀lú koríko bẹẹrẹ. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á ju ìdì koríko sókè bí ègbè bá ti bọ́ sí wọn lẹ́nu, ẹni tó wà lórí òrùlé á sì hán an lẹ́ẹ̀kan náà. Orin ló ń sọ ìgbà tí wọn yóò jù ú àti ìgbà tí wọn yóò hán an. Èyíkéyìí tó bá wá sẹ́nu ni wọ́n máa ń kọ tẹ́lẹ̀, ilé sì ń di ilé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ilé Awẹ́ró ló kàn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì ti ń há mọ́ yàrá kan lẹ́yìnkùlé àwọn àna rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi mọ ògiri yàrá mẹ́ta. Òun ló ń pọn omi, òun ló ń gún amọ̀. Ògiri ti gbẹ, ọ̀pá àjà ti wà lókè, koríko nìkan ló kù. Òjò sì ti ń ṣú lójoojúmọ́. Ẹni tó bá mọ ilé alámọ̀ mọ̀ pé òjò ńlá kan ṣoṣo ti tó ògiri tí kò lórùlé.

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọlọ́gbọ́n abẹ́ igi ọsàn wá rántí bèèrè pé orin ta ni àwọn yóò fi bo ilé náà. Wọ́n ní àfi kí àwọn dìbò sí i. Wọ́n gbé igbá méjì kalẹ̀ níwájú ilé baálẹ̀, ọ̀kan fún Awẹ́ró, ọ̀kan fún Ọ̀kánlàwọ́n, wọ́n ní kí àgbà kọ̀ọ̀kan ju ẹkùrọ́ kan péré sínú èyí tó bá wù ú. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ẹkùrọ́ jẹ́ irínwó ó lé méjìlá. Nínú ìlú tí kò ní ju ọgọ́jọ àgbà lọ!

"Ṣé àwọn ewúrẹ́ yín náà dìbò ni?" ni baálẹ̀ bi wọ́n. Ó ní kí wọ́n kó ẹkùrọ́ náà lọ fi yan àdín, ó bá wọlé rẹ̀ lọ.

Ṣé ẹ rò pé ojú tì wọ́n? Ìhà kìn-ín-ní ní ìhà kejì ló ṣe màgòmágó, ìhà kejì ní ìhà kìn-ín-ní ni. Awẹ́ró àti Ọ̀kánlàwọ́n jọ wá bẹ̀ wọ́n lábẹ́ igi.

"Ẹ̀yin èèyàn wa," ni Awẹ́ró wí, "èmi àti Ọ̀kánlàwọ́n ò bára wa du nǹkan kan. Orin tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ ṣáà bá mi bo ilé mi."

"Awẹ́ró, dákẹ́ jàre," ni Akínbọ̀dé wí. "Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá tìẹ."

Bí orin èébú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tí kò lè dá ẹsẹ orin kan kọ látọjọ́ tí wọ́n ti dáyé di akéwì ọ̀sán gangan. Àwọn Ìyá Ọlátóún kọ́kọ́ gbé tiwọn kọjá níwájú ilé Akínbọ̀dé:

"Agídìgbo ò dùn mọ́, ẹ kó aṣọ sí i,
Olórin tó ń tòògbé, ẹ tẹ́ní fún un kó sùn."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, àwọn Akínbọ̀dé ti fèsì:

"Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń ké, orí rẹ̀ ṣófo,
Bí orí àwọn tó ń jó sí i."

Ìlú ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré ni.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé. Awẹ́ró se ẹ̀wà, ó ra ẹ̀kọ, gbogbo wọn jẹ, wọ́n yó, wọn kò fi èyí ṣe ìjà. Wọ́n wá dìde síṣẹ́. Àwọn Akínbọ̀dé gbé orin Awẹ́ró, àwọn Ìyá Ọlátóún sì gbé ti Ọ̀kánlàwọ́n lé e lórí, ìhà kọ̀ọ̀kan ń pariwo kó lè bo èkejì mọ́lẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ ń fi orin tó yára ju koríko, ẹni òkè ń fi orin tó rọra hán an. Ìdì koríko ń bọ́ sílẹ̀ gbì, gbì. Níkẹyìn ọ̀kan já lu ọkọ Ìyá Ọlátóún lójú, ìjà bá ṣẹ́. Kí oòrùn tó yí, gbogbo wọn ti túká, ìlà koríko kan kò sì pé lórí ilé náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn Ìyá Ọlátóún dìtẹ̀. Wọ́n mulẹ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan koríko ilé Awẹ́ró, àti pé ẹni tó bá dán an wò, kò séèyàn tí yóò yọjú sí ọ̀wẹ̀ tirẹ̀ títí tí yóò fi kú. Kí ni Awẹ́ró fi ṣe wọ́n? Kò fi nǹkan kan ṣe wọ́n. Ó kọrin ni.

Àwọn tirẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní àwọn nìkan yóò padà wá parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Awẹ́ró retí wọn títí, ó lọ sílé Akínbọ̀dé. Ó bá ọgbọ̀n èèyàn níbẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi èsì tuntun kọ́ra.

"Akínbọ̀dé, òjò ń ṣú o."

"Máa lọlé, à ń bọ̀. Ṣé o ò rí i pé orin rẹ là ń jà fún níbí?"

Ọ̀kánlàwọ́n nìkan ló wá. Ó ní ìmulẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ òun ṣe kò kan òun. Ó ń ju koríko láti ìsàlẹ̀, Awẹ́ró ń hán an lókè, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Kí ni èèyàn méjì fẹ́ bò nínú yàrá mẹ́ta? Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, òjò dé. Ògiri tó kọjú sí títì ló kọ́kọ́ wó, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Awẹ́ró fi ara ti èyí tó gbẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í, títí Ọ̀kánlàwọ́n fi fà á kúrò níbẹ̀. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Akínbọ̀dé kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá kí i. Ó bá a lórí òkìtì ẹrẹ̀, ó ń ṣa ọ̀pá àjà jọ.

"Awẹ́ró, kú àjálù," ni Akínbọ̀dé wí. "Ṣùgbọ́n má banú jẹ́. A ti kọ orin kan nípa ògiri rẹ, wọn ò ní í lè fèsì rẹ̀ láéláé."

Awẹ́ró gbójú sókè wò ó. "Akínbọ̀dé, èwo nínú orin mi lo mọ̀ dópin?"

Akínbọ̀dé wo ẹ̀yìn, àwọn tó kó wá ń wolẹ̀.

"Orin lẹ kọ́kọ́ kó wá, mo rẹ́rìn-ín," ni Awẹ́ró wí. "Èmi tí mo ń kọrin ló yẹ kí n ti mọ̀. Orin ní í ṣáájú ọ̀tẹ̀."

Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú ìyá rẹ̀, kò sì padà. Àwọn Ìyá Ọlátóún ta Ọ̀kánlàwọ́n nù nítorí koríko tó jù, wọ́n sì ń bá a lọ láti máa sọ pé kò sí olórin tó dà bíi rẹ̀. Bí ẹ bá dé Ìdí-Ọsàn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò sí ẹni tó lè kọ orin Awẹ́ró tàbí ti Ọ̀kánlàwọ́n fún yín. Ti èébú nìkan ni wọ́n mọ̀.

Nítorí náà, bí àgbà bá rí i tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin bú ara wọn, tí wọ́n ń fi ẹnìkejì ṣẹ̀fẹ̀, tí àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín pé eré ni, á mi orí, á ní orin ní í ṣáájú ọ̀tẹ̀. Ó ń kìlọ̀ ni pé ìmọ̀ burúkú ti ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀fẹ̀ náà, kí ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ mọ́ tètè wá nǹkan ṣe sí i. Kò dìgbà tí ògiri bá wó kí wọ́n tó pa òwe náà.