Ọmọrí Ìkòkò Omi Ààtàn

Àwẹ̀ró ń tẹ ẹwìrì lọ́wọ́ nígbà tí Lábọ̀dé gbé ọmọrí dé, tó fi bo ìkòkò omi ààtàn mọ́ ọn lójú.

"Dìde níbẹ̀," ó ní. "Àwọn àna ń bọ̀."

Ibẹ̀ ni òwe yìí ti ṣẹ̀: A kì í fi ọmọrí dé omi ààtàn, ká tún máa bá a jà pé ó ń rùn. Ọ̀pọ̀ ló ń pa á tí kò mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n á ní omi ààtàn, ṣé ó tún lè ṣe ohun mìíràn ju kó rùn lọ ni? Ó lè ṣe é.

Opó ni Àwẹ̀ró ní agboolé Jagùnnà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè rin ọ̀nà oko mọ́. Ilẹ̀ kékeré ẹ̀yìn ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nìkan ló kù tó lè bọ́ ọ, ilẹ̀ náà sì ti ṣá. Lábọ̀dé, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó di olórí ilé, fẹ́ kọ́ ilé sórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní kó ní sùúrù. Bí ilẹ̀ náà bá mú ẹ̀fọ́ jáde kí wọ́n tó jẹ iṣu tuntun, ti Àwẹ̀ró ni. Bí kò bá mú un jáde, kí Lábọ̀dé fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Àwẹ̀ró kọ́kọ́ po ìgbẹ́ ewúrẹ́ tútù mọ́ omi, ó dà á sí ẹ̀fọ́. Ewé jó. Ó wá bu ilẹ̀dú tó ti jinná nídìí ààtàn, ó rì í sínú ìkòkò omi, ó fi í sílẹ̀. Ó rùn bí òkú eku. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Ó mọ̀ pé iná tí atẹ́gùn kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á kú. Ó rò ó pé bóyá ohun tó wà nínú omi náà ń mí.

Ó gba ògbólógbòó ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ná lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àgbẹ̀dẹ. Ó gé ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, tó ní ihò nínú. Ó ki orí kan bọ ẹnu ẹwìrì, ó ki orí kejì wọ ìsàlẹ̀ omi. Ó di ilẹ̀dú sínú àpò ìdọ̀họ, ó rì í, ó kán oyin díẹ̀ lé e bí oúnjẹ fún ohun tó ń mí, ó ń tẹ ẹwìrì. Omi náà hó yẹ́ẹ́. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Ó fi í rin ebè kan, ó fi omi odò rin èkejì. Ẹ̀fọ́ ebè odò pọ́n, ó tín-ín-rín. Ti ebè omi ààtàn dúdú, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n ní kó ṣe gbogbo ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ kí àwọn tún padà wá. Ó gbin ẹ̀fọ́ kún un. Omi tí yóò fi rin ín ló ń pò nígbà tí ọmọrí dé.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ẹ má dé e. Ó gbọ́dọ̀ mí."

"Ààtàn ló ń mí?" Lábọ̀dé bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo bí i ni? Kí àwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi wá bá ìdọ̀tí nílé mi, kí wọ́n pẹ̀yìn dà?"

Ó fi ẹrẹ̀ rẹ́ etí ọmọrí náà yíká. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí i.

Ìyàwó ilé kì í ṣí ohun tí olórí ilé bá dé. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó dìde, ó lọ gúnyán fún àlejò. Àwọn àlejò sùn, ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún sùn. Gbogbo ìgbà tó bá gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ó ń wo ẹrẹ̀ tó ń gbẹ lẹ́nu ìkòkò.

Nígbà tí àwọn àna fẹ́ máa lọ, ìyá àgbà kan láàárín wọn rí ẹ̀fọ́ náà.

"Ta ló ni èyí tó dúdú báyìí?"

"Èmi ni," Lábọ̀dé ní. "Omi kan wà tí mo máa ń pò."

"Ẹ fi hàn wá ká rí i."

Àwẹ̀ró gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. "Ọkọ mi, ẹ má ṣí i mọ́. Ó ti kú."

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

Ó fọ́ ẹrẹ̀, ó ṣí ọmọrí. Ìyá àgbà náà fi etí ìró bo imú.

"Hàà! Bàbá ìyàwó, àbí òkú lẹ sin síbẹ̀?"

Ojú ti Lábọ̀dé, ṣùgbọ́n kò padà. "Bó ṣe ń rùn nìyẹn!" Ó bu omi náà, ó dà á sí gbogbo ilẹ̀, títí kan ebè tó dára. "Bí ẹ bá tilẹ̀ ti lọ, ẹ ó gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, kò sí ewé kan tó gbé orí sókè.

Lábọ̀dé yára pe àwọn àgbà jọ. "Omi òkú ni obìnrin yìí fi pa ilẹ̀. Ó tún dójú tì mí níwájú àna. Ẹ yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún mi."

Àwẹ̀ró kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Nígbà tí ẹ̀fọ́ dúdú, ẹ̀yin lẹ pò ó. Nígbà tó rùn, ó di tèmi. Mo ní kí ẹ jẹ́ kó mí, ẹ fi ẹrẹ̀ dí i lẹ́nu, ẹ tún fọwọ́ ara yín dà á sí ilẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹrẹ̀ dí ẹ̀yin náà nímú, ṣé ẹ ò ní rùn? Ẹ fi ọmọrí dé omi ààtàn, ẹ tún wá ń bá a jà pé ó ń rùn!"

Bàbá Àrẹ̀mú, tó dàgbà jù nínú wọn, wo Lábọ̀dé. "Ṣé ìwọ lo dé e?"

"Nítorí àlejò ni, bàbá."

"Mi ò bi ọ́ nítorí ta ni."

"Èmi ni."

Bàbá náà dìde, ó fi ọ̀pá lu ọmọrí náà, ó fọ́. "Ilẹ̀ Àwẹ̀ró ni. Kó tún un ṣe lọ́tun."

Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá pa ohùn mọ́ ọmọlàkejì lẹ́nu, tó fún un lọ́rùn títí ìwà rẹ̀ fi kan, tó wá ń pariwo pé ìwà onítọ̀hún kò dára, ohun tí wọ́n ń sọ fún un ni pé a kì í fi ọmọrí dé omi ààtàn, ká tún máa bá a jà pé ó ń rùn.

Lábọ̀dé kò tọrọ àforíjì títí ó fi kú. Ìkòkò náà ṣì wà lẹ́yìn ilé. Kò ní ọmọrí.