Ohùn Kan Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Àpérò

Òjúọlápé, ìyá amọ̀kòkò, ni aṣojú àdúgbò Òkè-Amọ̀ ní ìlú Ìdó-Amọ̀ láyé ijọ́un. Obìnrin náà kò ga, ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn tó ga a máa tẹrí ba kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ìlú Ìdó-Amọ̀ kò ní ọba. Àwọn baba ńlá wọn ti jà du adé títí adé náà fi sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá pinnu pé kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa yan ẹnìkan tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń yàn án. Àwọn tó ń du ipò yóò dúró, olúkúlùkù yóò lọ tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú, ẹni tí ìlà rẹ̀ bá gùn jù ló wọlé. Àdúgbò méje, aṣojú méje. Báyìí náà ni gbogbo ìlú ṣe ń tò láti yan Baálẹ̀. Ẹni tó wà lórí oyè nígbà tí à ń wí yìí ni Ògúnrìndé, ọkùnrin gìrìpá tí kì í fi iṣẹ́ òní dọ̀la, tí sùúrù rẹ̀ kò sì gùn ju ìrù ewúrẹ́ lọ.

Ilé kan wà láàárín ìlú tí wọ́n ń pè ní Ilé Àpérò. Kò ní fèrèsé, àfi àgbàlá kékeré kan nínú rẹ̀ tí ògiri yí ká. Ilẹ̀kùn ìrókò kan ṣoṣo ló ní, inú ni wọ́n sì ti ń fi ọ̀pá ìdábùú tì í. Ibẹ̀ ni ọ̀pá àṣẹ ìlú wà. Òfin tí akéde kò bá gbé ọ̀pá yìí dání ké, ariwo lásán ni. Èyí tó bá gbé e ké, kò sí ẹni tó jẹ́ rú u. Nítorí náà, àwọn aṣojú ń pín ìṣọ́ ilẹ̀kùn náà láàárín ara wọn, ẹnìkan ní oṣù kan. Ẹni tó bá kàn yóò ká ẹní rẹ̀, yóò wọlé, yóò sì máa gbé ibẹ̀ títí oṣù rẹ̀ yóò fi pé. Bí àwọn yòókù àti Baálẹ̀ bá ti gbìmọ̀ tán ní pápá iwájú ilé, wọn yóò wá sẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò pa ohùn pọ̀, wọn yóò ní, “Àwá dé!” Ẹni tó wà nínú yóò dáhùn pé, “Ẹ wọlé, ẹ̀yin ìlú,” yóò sì ṣílẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń kà wọ́n. Kí ni wọn ì bá máa kà? Wọn kì í wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Oṣù Òjúọlápé ni àjàkálẹ̀ àrùn wọ̀lú. Àwọn oníṣòwò tó ń ti òkè odò bọ̀ ni wọ́n mú ìròyìn rẹ̀ wá, àwọn kan nínú wọn sì mú àrùn náà fúnra rẹ̀ wá. Ikọ́ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, ibà yóò tẹ̀ lé e, nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kẹfà, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́. Ìlú tó wà níwájú ń sunkún, èyí tó wà lẹ́yìn ń sunkún. Àwọn ará Ìdó-Amọ̀ sọ àrùn náà ní Sún-sọ́hùn-ún, nítorí ohun tí olúkúlùkù ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Àna ẹni ì báà wá kí ni, a ó ní kó sún sọ́hùn-ún.

Baálẹ̀ ní kí àwọn aṣojú má ṣe péjọ mọ́. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n máa dá rìn. N ó máa ti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn, n ó gbọ́ tẹnu kálukú yín, lẹ́yìn náà n ó wá gba ọ̀pá.” Gbogbo wọn gbà, Òjúọlápé náà gbà láti inú ilé. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé Baálẹ̀ nìkan ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ké pé, “Àwá dé!” Nígbà àkọ́kọ́, igbe náà dún létí Òjúọlápé bí ìkòkò tó ti sán. Ṣùgbọ́n ó ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́ náà ni wọ́n ti ọjà pa. Nígbà kejì, ó tún ṣí i. Wọ́n ní kí àlejò kọ́kọ́ lo ọjọ́ méje ní abà oko kó tó wọ̀lú. Òfin méjèèjì dára. Òkú dín kù, gbogbo ìlú ń yin Baálẹ̀. Nígbà kẹta, wọ́n ní ẹni mẹ́rin péré ni kó máa tẹ̀ lé òkú dé ibi tí wọ́n ń sin ín sí. Ọjọ́ kejì èyí ni Akínlàbí ọdẹ, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn aṣojú, wá dúró lókèèrè lẹ́yìn ògiri àgbàlá, ó sì kígbe:

“Òjúọlápé! Ìgbà wo la gbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ìsìnkú?”

“Ṣé Baálẹ̀ kò wá bá yín ni, Bàbá?”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ìloro mi.”

“Ẹ tún rò ó wò, Bàbá. Ẹ̀yin náà lẹ so ajá yín mọ́gi lóko lọ́jọ́sí, tí ẹ délé, tí ẹ ń súfèé pè é kiri.”

Akínlàbí rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu ìyá yìí kò dára, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Òjúọlápé náà rẹ́rìn-ín, kò sì bi ẹlòmíràn. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Òjúọlápé bí, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Àdúgbò Òkè-Gbígbẹ ni ilé ọkọ rẹ̀ wà, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Àràárọ̀ ni ó ń wá sẹ́yìn ògiri àgbàlá, yóò gbé oúnjẹ lé orí ògiri, yóò fà sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ yóò wá gbé e. Ìyá yóò ní, “Ikùn yìí mà tóbi o. Ṣé kì í ṣe ìkòkò aró mi lo gbé mì?” Ọmọ yóò ní, “Ìyá, ẹ jẹun, ẹ má bú ọkọ yín tó ń bọ̀.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, Ìbídùn kò wá. Oòrùn yọ, kò wá. Oòrùn gòkè títí òjìji fi ń kúrú, kò wá. Òjúọlápé kò lè jókòó. Ó ń ti ìdí ògiri lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó ń ti ìdí ilẹ̀kùn padà sídìí ògiri, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe ikọ́, pé ó lè jẹ́ oorun ló gbé e lọ. Ibi tó ti ń rìn ló ti gbọ́ ohùn níta.

“Àwá dé!”

Ó gbọ́wọ́ lé ọ̀pá ìdábùú, ó dúró. “Ẹ kú àárọ̀, Baálẹ̀. Kí ni ìlú fẹ́ fi ọ̀pá ṣe lónìí?”

“A fẹ́ dí Òkè-Gbígbẹ pa. Ènìyàn mẹ́ta ló kú níbẹ̀ lánàá. A ti gé ẹ̀gún, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ti wà lójú ọ̀nà wọn láti ìdájí. Ọ̀pá ló kù kó di òfin. Ṣílẹ̀kùn.”

Ọkàn Òjúọlápé kọ́kọ́ fúyẹ́. Ìbídùn kò ṣàìsàn, ẹ̀ṣọ́ ni kò jẹ́ kó jáde! Kí ayọ̀ náà tó balẹ̀, ẹ̀rù ti gba ipò rẹ̀. Wọn kò fi orúkọ Òkè-Gbígbẹ ṣàwàdà. Kò sí kànga níbẹ̀, kò sí ìsun. Odò ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń pọnmi, ẹ̀gún náà yóò sì dí ọ̀nà odò.

“Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gún yóò wà níbẹ̀?”

“Títí àrùn yóò fi rọlẹ̀. Ó lè tó ogún ọjọ́.”

“Omi ńkọ́?”

“Kò sí ilé tí kò ní àmù.”

“Èmi ni mo mọ àwọn àmù náà, Baálẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, agbo ilé kan kò lè mu ún fọ́jọ́ mẹ́ta. Fádáìró tó jẹ́ aṣojú wọn ńkọ́? Ṣé ó gbọ́?”

“Gbogbo yín lẹ gbọ́.”

“Ó gbọ́, ó sì ní kẹ́ ẹ sé òun àti àwọn ènìyàn òun mọ́lé láìsí omi?”

“Mo ní gbogbo yín lẹ gbọ́! Ṣílẹ̀kùn!”

“Èmi náà wà nínú gbogbo wa, Baálẹ̀. N kò gbọ́.”

“Ìwọ lò ń gbọ́ ọ yìí!”

Ẹnìkan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ àti akéde tó tẹ̀ lé Baálẹ̀ wá fẹ́ rẹ́rìn-ín níta, ó yára pa á mọ́nú. Baálẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Ọmọ rẹ wà níbẹ̀.”

“Ọmọ mi wà níbẹ̀. Ọmọ ta ni kò sí níbì kan?”

“Gbọ́, Òjúọlápé. Bí àrùn yìí bá sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Gbígbẹ wọ àárín ìlú nígbà tí ìwọ ń bi mí ní ìbéèrè, ìwọ ni ìlú yóò bi. Ikú kì í dúró de ìpàdé.”

Òjúọlápé rò ó wò. Ọkùnrin yìí ti sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìlú sì wà láàyè nítorí òótọ́ náà. Bí ó bá tún sọ òótọ́ lónìí ńkọ́? Ó gbé ọ̀pá ìdábùú sókè díẹ̀. Ẹnu ibẹ̀ ló wà tí ọ̀rọ̀ Akínlàbí fi padà sí i létí: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ìloro mi. Ó tún rọra sọ ọ̀pá náà kalẹ̀ sáyè rẹ̀.

“Baálẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jàre. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù náà yóò rí i. Ẹ pè wọ́n wá.”

“Kí àrùn lè kó gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan?”

“Mo ti ń mọ ìkòkò bọ̀ láti ogójì ọdún. Bí mo bá ń sá ìkòkò tútù, n kì í jẹ́ kí ọ̀kan fara kan èkejì, kí ó má baà bà á jẹ́. Síbẹ̀, ojú kan náà ni mo ń sá gbogbo wọn sí. Pápá tó wà lẹ́yìn yín yẹn gba igba ìkòkò. Ṣé kò ní gba ènìyàn méje ni?”

“Ẹ wó ilẹ̀kùn yìí!” ni Baálẹ̀ wí.

Kò sí ẹni tó mira. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ga. Òjúọlápé gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Àáké ba ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, eruku já bọ́ sí i lórí. Àáké bà á lẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ̀n ọ́n títí dé eyín. Ó di ojú, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú. Ó ń retí ẹ̀kẹta.

Dípò àáké, ohùn Ládìípọ̀ akéde ló gbọ́, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Ẹ dákun, Baálẹ̀. Èmi ni n ó gbé ọ̀pá yìí káàkiri. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló rán mi, ta ni kí n dárúkọ?”

“Sọ pé ìlú ló rán ọ.”

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n lọ bi ìlú.” Akéde kò dúró gba àṣẹ. Ó ki eré mọ́lẹ̀, ó ń fi ohùn gbọọrọ rẹ̀ pe àwọn aṣojú lórúkọ láti àdúgbò dé àdúgbò, títí igbe rẹ̀ kò fi dé etí Òjúọlápé mọ́.

Kò pẹ́ tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ pápá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí wọ́n jìnnà síra wọn. Ti Akínlàbí ló kọ́kọ́ dé.

“Ògúnrìndé, wọ́n ní ẹ dé. Ta ni ẹ̀yin náà?”

Akínlàbí tún kígbe pé:

“Ọ̀rọ̀ Òkè-Gbígbẹ, ta lo bi nínú wa? Èmi, o kò bi mí.”

“Kò bi mí,” ni ohùn kan wí. “Èmi náà, kò bi mí,” ni òmíràn wí. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ yí pápá ká, títí ó fi kan Fádáìró, ó sì kígbe pé, “Èmi? Ẹnu àwọn tó ń gé ẹ̀gún ni mo ti gbọ́ pé mo gbà!”

“Kò bi èmi náà,” ni Òjúọlápé wí láti inú ilé.

Baálẹ̀ sọ̀rọ̀ níkẹyìn, agbára ti kúrò nínú ohùn rẹ̀. “Kí ìlú má baà parun ni mo ṣe ṣe é.”

“A mọ̀,” ni Akínlàbí dáhùn. “Ìdí tí wọ́n fi tò sẹ́yìn rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n tò sẹ́yìn tiwa náà.”

Fádáìró ní kí wọ́n yọ ọ́ lóyè lójú ẹsẹ̀. Akínlàbí kọ̀. “Bí a bá yọ ọ́ lónìí, ta ni yóò sáré fún wa bó ṣe ń sáré? Kó máa sáré, kó ṣáà máa dúró gbọ́ wa. Lọ́rọọrún ni kó máa wá sí pápá yìí, kó sọ ohun tó ṣe àti ìdí tó fi ṣe é, kí a sì bi í léèrè.”

Wọ́n jiyàn títí, ọ̀fun wọn gbẹ nítorí igbe ni wọ́n ń ké síra wọn. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ lórí, wọ́n fẹnu kò. Kí wọ́n sé ilé tí àrùn bá wà, kí wọ́n má sé àdúgbò. Kí àwọn alámọ̀ gbé ọgbọ̀n àmù sí oríta Òkè-Gbígbẹ, kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú máa pọnmi kún un láràárọ̀, kí wọ́n sì kúrò níbẹ̀ kí àwọn tó fẹ́ bù ú tó dé.

“Ó yá, Baálẹ̀,” ni Akínlàbí wí, “ẹ ké, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.”

Òjúọlápé gbọ́ tí Baálẹ̀ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ bá mi ké e.”

Igbe náà ti ọ̀tún, ó ti òsì, ó ti ìpẹ̀kun pápá wá, ó sì dún gbà-á bí ìkòkò tó jinná: “Àwá dé!”

“Ẹ wọlé, ẹ̀yin ìlú,” ni Òjúọlápé wí, ó sì fa ọ̀pá ìdábùú. Ó rí wọn bí wọ́n ṣe dúró káàkiri pápá, tí ẹnìkan kò fara kan ẹnìkan. Fádáìró ló jìnnà jù, aṣọ rẹ̀ ti fàya, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lápá rẹ̀ níbi tó ti fara la ẹ̀gún kọjá. Àpá àáké méjì sì wà lára ìrókò.

Sún-sọ́hùn-ún pa ènìyàn mọ́kànlélógún ní Ìdó-Amọ̀ kí òjò tó wálé, ṣùgbọ́n òùngbẹ kò pa ẹnìkankan. Ìbídùn bí ọmọkùnrin, omi oríta ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Ìgbàkígbà tí Baálẹ̀ Ògúnrìndé bá sì ń lọ gba ọ̀pá lẹ́yìn ìgbà náà, bí ojú bá ń kán an tó bẹ́ẹ̀ tí ó dé ẹnu ọ̀nà ṣáájú, yóò dúró níwájú ìrókò, yóò pa ẹnu mọ́, yóò máa wo ọ̀nà títí àwọn yòókù yóò fi dé. Àwọn tó rí i níbi tó dúró sí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, tí àwọn àgbà fi gbà á lẹ́nu wọn, tó sì di òwe títí dòní olónìí, pé: ẹnìkan kì í jẹ́ “Àwá dé.”