Mọ́repé, Akọni Ìgbòlọ́mi, àti Ọ̀bẹ Ará Fílípínì

Ní ọdún tí ọ̀gágun Ọ̀tẹ̀gbayé jó Ìgbòlọ́mi lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí agboolé tí kò sunkún ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú. Ọkùnrin tó ṣẹ́kù kò pé ogún, gbogbo ọkọ̀ ojú omi ìlú sì ti di eérú. Ìgbà náà ni òjíṣẹ́ ogun dé pé kí wọ́n kó wúńdíá mẹ́fà wá sétí ọ̀sà kí oòrùn tó yẹ̀rí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Ìgbòlọ́mi yóò di igbó. Baálẹ̀ dorí kodò, ó ní kí wọ́n ṣa àwọn ọmọ náà jọ. Mọ́repé, ọmọ kan ṣoṣo tí Ògúnrọ̀mbí alágbẹ̀dẹ bí, wà nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ògúnrọ̀mbí, ọkọ irin, a-rọkọ́-bọ́-ìlú, kò ní ohun tí yóò fi jà. Ogun ti kó ẹwìrì rẹ̀, ó kó ọmọ owú rẹ̀. Ohun tó kù kò ju apẹ̀rẹ̀ ọ̀bẹ àtijọ́ kan lọ, ọ̀bẹ olójú méjì tí ó gbà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ tó ti erékùṣù Fílípínì wá. Àwọn ará ìlú a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni alágbẹ̀dẹ ń fi irin àlejò ṣe. Ó tú wọn sórí ẹní. Ó fi àdín nu ìpẹtà wọn, ó ń mi èèkù wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ọ̀kan lọ́ bí ejò tó ń wẹ̀ lódò. Èèkù òmíràn jẹ́ ìwo tí wọ́n gbẹ́ bí orí ẹyẹ.

“Ọdún méjìlá ni mo fi ń wo irin wọ̀nyí,” ó ní. “N kò lè gbà ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi.”

Mọ́repé kúnlẹ̀. “Bàbá mi, èwo ni kò ní yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́?”

“Èyí tó lọ́ bí ejò. Irin rẹ̀ wọnú èèkù dé ìdí. Má fi gé nǹkan. Gígún ni kí o fi gún un.”

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pín ọ̀bẹ inú apẹ̀rẹ̀ náà, wọ́n dì í mọ́ itan lábẹ́ ìró. Létí omi, Mọ́repé kọjú sí ìlú. “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má tíì sunkún wa bí òkú. Bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá kó wa kò bá padà, ẹ kó àwọn ọmọdé gba inú ẹrẹ̀ sá lọ. Ẹ má dúró dè wá.”

Ọ̀tẹ̀gbayé fúnra rẹ̀ ló wá gbà wọ́n, òun àti atukọ̀ méjì. Ògúnrọ̀mbí rìn wọ omi títí ó fi kan àyà rẹ̀, kò sì lè lọ síwájú mọ́. Láti ibẹ̀ ló ti rí i tí ọkọ̀ dédé fì sọ́tùn-ún fì sósì láàárín ọ̀sà. Ariwo wọn pẹ́ kó tó dé etí rẹ̀. Ó na ọwọ́, bí ẹni pé apá rẹ̀ lè dé ọ̀hún. Nígbà tí ọkọ̀ padà dé, ọmọbìnrin márùn-ún nìkan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti pa atukọ̀ méjèèjì.

“Mọ́repé gún Ọ̀tẹ̀gbayé, Bàbá,” ni Ìbídùn, ọ̀kan nínú wọn, wí. “Bí ọkùnrin náà ti ń ṣubú, ó di Mọ́repé mú. Àwọn méjèèjì jọ rì ni.”

“Ọ̀bẹ náà kò yẹ̀?”

“Kò yẹ̀, Bàbá.”

Ogun tí kò lólórí mọ́ tú ká kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Ìgbòlọ́mi kò sì fa ọmọ rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Títí di òní, bí ọkọ̀ bá dé ibi tó rì sí, tí à ń pè ní Ibú Mọ́repé, atukọ̀ a gbé àjẹ̀ sókè, a jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ gbé e kọjá. Ọmọdé tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìyá rẹ̀ a fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.