Ohun Tó Ń Bó Àwẹ̀ró Lójú

"Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà!" Òwe yìí ni Àwẹ̀ró ń fi bú Mojírádé, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ní gbogbo àárọ̀.

Láfún ni Àwẹ̀ró ń sá lórí àpáta, inú oòrùn ló sì máa ń wà títí di ìrọ̀lẹ́. Awọ ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, ó sì ń bó. Mojírádé ló ń se ọṣẹ tí gbogbo ilé fi ń wẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ó ti po nǹkan mọ́ ọn? Àwẹ̀ró kò fi ọṣẹ náà wẹ̀ mọ́, ó gbé kànhìnkànhìn rẹ̀ pamọ́, síbẹ̀ ojú kò yéé bó. Ó ní kí wọ́n lé Mojírádé kúrò nílé. Ọkọ Àwẹ̀ró ní kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ lọ rí nọ́ọ̀sì.

"Mà, kí lẹ fi ń para?" Nọ́ọ̀sì bi Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró wo Mojírádé tìfura-tìfura, ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ike ìpara tó fi ń bóra jáde. "Kò lè jẹ́ èyí. Mo máa ń so ó mọ́ra lọ sórí àpáta ni, kí aṣebi má baà fọwọ́ kàn án."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Bí oòrùn bá ń ba ara jẹ́, ara á mọ̀, á sì dúdú sí i láti fi ṣe agboòrùn. Ìpara yìí ló ń fa agboòrùn yín ya."

Mojírádé wo etí ìró náà. "Ìyálé mi, òwe yín mà ṣẹ o. Inú obì ló wà."