Igi Tó Di Ọ̀bẹ Àkókó Mú

Ààlọ́ o!
—Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí bírí, ó bà sílé Àkókó, tó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ abọ́ lára igi tí ẹ̀rọ ń yí. Àdàbà, aya rẹ̀, ló ń bá a pọ́n ọ̀bẹ. Àkókó a dárin pé, “Ṣé ó mú?” Àdàbà a gbè é pé, “Ó mú bérébéré!”

Àdàbà kú. Àkókó pọ́n ọ̀bẹ fúnra rẹ̀, kò mú. Ó bẹ Ọ̀kẹ́rẹ́, ìyẹn pọ́n ọn wọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, “Bàbá, ẹ kúkú fẹ́ ìyàwó mìíràn!”

“Ẹnu rẹ gùn ju ìrù rẹ lọ!”

Níkẹyìn, ó mú ọ̀bẹ tí Àdàbà pọ́n gbẹ̀yìn, èyí tí ọkàn rẹ̀ kò tíì gbà á láyè láti lò. Ó gbé e lé òkúta ìpọ́nbẹ, ó ń yí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà títí ẹnu rẹ̀ fi jókòó láìsí àlàfo, ó sì gbẹ́ igi tí yóò máa di ọ̀bẹ mú ní ìdagẹ̀rẹ̀ náà. Ó fi pọ́n ọ̀bẹ tirẹ̀. Ẹnu ọ̀bẹ náà ń dán.

Ó dárin: “Ṣé ó mú?”

Igi kò fọhùn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a gbè é.

—Ó mú bérébéré!