Ewé Tí Mo Ṣẹ́ fún Ẹni Ẹ̀yìn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa, kí ẹni tó ń jẹ guguru sì rọra jẹ ẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Èmi ni Ọdẹ́ṣínà, ọmọ bíbí ìlú Agbérè, èmi tí ẹfọ̀n gbọ́ orúkọ mi tó gbàgbé láti jẹko.

Nígbà náà, ìlú wa kò ní ilé ìwé. Ìlú Arégbé ló ní, ṣùgbọ́n Igbó Ìlérí ló wà láàárín àwa àti wọn, igbó tí àwọn iwin fi ṣe ibùgbé, tí ẹnikẹ́ni kò là kọjá rí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀wé, àfi kí ó gba ẹ̀yìn òkè mú un lọ, kí ó sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjèjì. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi Ṣẹgilọlá ṣe fi ọmọ tirẹ̀, Ọdẹ́bùnmi, sílẹ̀ ní Arégbé. Nígbà tí ọmọ náà wálé fún ọdún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le, eegun ọrùn rẹ̀ sì ti yọ síta. Omi ló ń pọn, aṣọ ló ń fọ̀, ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ti ilé ìwé bọ̀ ni òun ń débẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá àgbà, mo fẹ́ràn ìwé o, ṣùgbọ́n n kò padà síbẹ̀ mọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun.

Mo dìde láàárín ìlú, mo ní èmi yóò la Igbó Ìlérí já, kí ọmọ lè máa ti ilé ìyá rẹ̀ lọ kàwé, kí ó sì padà wá jẹun ìrọ̀lẹ́ nílé. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Olórí ọdẹ ní, "Ọdẹ́ṣínà, ẹnu dùn-ún ròfọ́ o." Mo dá a lóhùn pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ilẹ̀ mọ́, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di inú igbó.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe ọdẹ, ẹ gbọ́ àṣà wa. Ọdẹ tó bá wọ igbó tí kò mọ̀ a máa ṣẹ́ ewé bí ó ti ń lọ, a sì máa yí ẹ̀yìn ewé tó funfun sí ìhà tí òun yóò ti padà bọ̀, kí ó lè rí ọ̀nà ilé. Igbó yìí burú débi pé ibi tí mo bá fi àdá gé, kíá ni yóò tún hù. Ewé ṣíṣẹ́ nìkan ni kò lè pa rẹ́. Mo ń ṣẹ́ ewé, mo ń lọ.

Kò pẹ́ tí mo fi dé ibi tí ẹyẹ kò ti ń ké. Ilé ìwé aláìlórùlé ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì ẹlẹ́sẹ̀ kan àti agogo tí kò ní ahọ́n, gbogbo wọn sì ń sunkún. Iwin kan jókòó láàárín wọn, ó ga bí ọ̀pẹ, ojú méjì wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan sì wà ní ìpàkọ́. Agbàlérí ni orúkọ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin onílé."

Ó rẹ́rìn-ín, ewé wọ́ sílẹ̀. "Ọmọ ènìyàn, ṣé o rí àwọn wọ̀nyí? Ìlérí ni wọ́n. Ẹni tó bá dé òkèèrè tó sì yó, a máa ní, 'Bí mo bá padà délé, ilé ìwé ni n ó kọ́ fún wọn.' Ibí ni ọ̀rọ̀ wọn ń wá dúró sí. Ọmọ Agbérè ló ni tọwọ́ òsì yẹn."

Mo wò ó. Ilé ńlá ni, fèrèsé rẹ̀ pọ̀, igi sì ti hù láàárín rẹ̀. Àánú ṣe mí, inú sì bí mi.

"Sọ tìrẹ," ni ó wí. "Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, o ó kọjá. Bí o kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, n ó sọ ọ́ di òpó, n ó sì fi ọ́ ti ògiri ará ìlú rẹ."

Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mo nà ró ṣánṣán. "Ọ̀nà ni n ó là. Àwọn ọmọ yóò máa gba ibí kọjá láàárọ̀, ẹ óò sì máa gbọ́ orin wọn. Bí ọ̀nà bá ti wà, tíṣà pàápàá yóò lè wá bá wa ní Agbérè. Lọ́jọ́ kan, Ọdẹ́bùnmi fúnra rẹ̀ yóò di tíṣà, yóò dúró lábẹ́ igi oṣè wa, ọmọ kankan kò sì ní fi omi pípọn ra ìwé mọ́. Mo rí i bí mo ṣe ń rí yín yìí."

"Ó kéré jù! Sọ pé ilé ìwé alájà ni o ó kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń wí."

"Èyí tí ọwọ́ mi ká ni mo sọ."

"Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Ẹ kẹ̀yìn sí mi, kí ẹ fi ojú ìpàkọ́ yín wo ibi tí mo gbà wá."

Ó yí padà, ó wò ó títí. Nígbà tí ó tún kọjú sí mi, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Ọdẹ, ilé ni ẹ̀yìn gbogbo ewé rẹ kọjú sí. Ẹni tó bá ń ti ilé bọ̀ nìkan ló lè rí wọn. Ìwọ ńkọ́? Kí ni yóò fi ọ̀nà ilé hàn ọ́?"

"Kò sí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Àgbà lè ṣìnà kí ó béèrè. Ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni n kò fẹ́ kí ó ṣìnà."

Agbàlérí dìde fún mi. Ó ní, "Kọjá. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé ewé yìí, iwin kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Bí mo ṣe dé Arégbé nìyẹn, tí mo sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo yí padà, gbogbo igbó dọ́gba lójú mi, n kò mọ apá ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Níbi tí mo ti ń rìn gbéregbère ni mo gbọ́ orin. Ọdẹ́bùnmi ló ṣíwájú, ó há síléètì mọ́ abíyá, àwọn ọmọ Agbérè tò tẹ̀ lé e, Ṣẹgilọlá sì wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àdá.

"Bàbá àgbà, a rí ewé yín létí oko! Ibo lẹ ń lọ?"

"Ilé ni, ọmọ mi."

"Ilé kọ́ nìyẹn o! Ẹ tẹ̀ lé ojú ẹsẹ̀ wa. Ẹ má bínú o, agogo fẹ́ẹ̀ lù." Ó sì sáré lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí tí ọwọ́ yín ká, ẹ sì kọjú rẹ̀ sí ẹni ẹ̀yìn. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ojú ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni mo tẹ̀ lé délé lọ́jọ́ náà.